Ẹ̀kọ́ Òkèèrè ní Kútùnkù

Agogo mẹ́jọ alẹ́, iná ti lọ.
Mo so fóònù mọ́ ẹ̀ka máńgòrò,
nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ń bà sí ní Kútùnkù,
bí ẹyẹ tí kò fẹ́ kí ọmọ aráyé fọwọ́ kan òun.
Mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, mo gbójú sókè,
mo di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá nídìí aṣọ rírán.

Jọ́ọ̀sì ni olùkọ́ wa wà. N ò rí i rí.
Ohùn rẹ̀ ni mo mọ̀, àti ikọ́ tó máa ń hú
bí òtútù orí òkè bá wọlé tọ̀ ọ́.
Ẹnìkan wà ní Fúntùà, ẹnìkan ní Bídà,
ẹnìkan ò sọ ibi tó wà, àmọ́ a máa ń gbọ́ ewúrẹ́ rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kò sówó oṣù ńbẹ̀,
àfi owó dátà tó ń wọlé lọ́jọ́ Ajé,
tí mo sì ti fi ra òwú lẹ́ẹ̀mejì. Kí Ọlọ́run má bínú.

Olùkọ́ ní: "Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn mẹ́wàá.
Ẹ má polongo ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé kí ló ń dùn wọ́n."
Ó rọrùn létí.
Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́: "Ẹgbẹ́ wo ló rán ọ?"
Ìkejì: "Ìrẹsì ńkọ́?"
Níbi ìkẹta, ọmọdé kan yọjú:
"Bàbá mi ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé."
N ò dé ìkẹwàá. Mo purọ́ fún olùkọ́ pé òjò ló dá mi dúró.
Nínú oṣù Fẹ́búárì!
Ó húkọ́ díẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Ṣẹkwólò ló là mí lójú,
ìyá àgbà Gbàgyí tó ń gbé ẹ̀yìn ilé ìpẹran.
Ìdì igi ńlá wà léjìká rẹ̀, ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán.
Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́sórí mi, pẹ̀lú Haúsá tó mẹ́hẹ.
Ó ní: "Jókòó. Bá mi pa ẹ̀pà."
A pa ẹ̀pà títí oòrùn fi yẹ̀ lórí.
Mo ní: "Ìyá, èéṣe tẹ́ ẹ kì í fi orí ru ẹrù?"
Ó ní: "Orí ni olówó mi. Ta ní ń di ẹrù lé olówó rẹ̀?
Èjìká ni ẹrú, méjì ló sì jẹ́;
bó bá rẹ ọ̀kan, ma yí i sí èkejì.
Ìwọ, orí lo fi ń rù wá kiri àdúgbò.
Abájọ tọ́rùn fi ń ro ọ́."

Lẹ́yìn náà ló tó mẹ́nu ba omi.
Ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé-ìwé ti dákẹ́ kí wọ́n tó bí Làraba, ọmọ-ọmọ rẹ̀;
Làraba sì ti ń lé adìyẹ báyìí.
Apá ẹ̀rọ ló ṣẹ́, irin kan ṣoṣo,
kò gùn tó àlùmọ́gàjí mi méjì.
Gbogbo olùdíje tó kọjá ló ti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

N ò ṣèlérí. Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí,
lábẹ́ ìbàdí ìyàwó aláago kan, mo kọ: Ṣẹkwólò, omi.
Ó mú Kàndé wá, Kàndé mú Jìbírílù tó ń lẹ táyà.
A di agbo. A kó ẹ̀pà lọ sẹ́nu ọ̀nà káńsẹ́lọ̀,
ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi pa á ńbẹ̀, èèpo gba gbogbo àtẹ̀gùn.
Nígbà tó jáde wá béèrè ohun tí a ń fẹ́,
kò sẹ́ni tó wojú mi. Kàndé ló fèsì.

Alẹ́ ìparí ẹ̀kọ́, olùkọ́ ní: "Ẹni mélòó lẹ kó jọ?"
Fúntùà ní igba. Bídà ní àádọ́jọ.
Ó kàn mí, nẹ́tíwọ̀kì já.
Mo ń pariwo sígi: "Méje! Méje ni wọ́n!"
Jọ́ọ̀sì ò gbọ́. Ṣẹkwólò gbọ́, ó ń tẹ́ ẹní rẹ̀ ká:
"Ta lo ń ké sí lókè yẹn?"

Irin náà kò tíì dé.
Káńsẹ́lọ̀ ní ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Bí Ìṣẹ́gun bá yẹ̀, ẹ̀pà ń bẹ nílẹ̀ fún Ọjọ́rú.