Omi Ò Kún Un

Morẹ́nikẹ́ ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.
Ọdún kẹtàlá rèé tó ti wà ní kọ̀rọ̀ kíṣìnì wa ní Mopa;
funfun ni tẹ́lẹ̀, ó ti wá pọ́n
bí eyín arúgbó tó ń jobì.

Lánàá, mo tẹ bọ́tìnnì.
Ó kùn: hùn-ùn.
Omi ṣẹ́ sínú rẹ̀ díẹ̀,
kò tó èyí tí adìyẹ yóò fi rin ọ̀fun,
ló bá dákẹ́.

Mo gun àga wo táǹkì: ó kún dé ọrùn.
Mo tú rọ́bà ẹ̀yìn, mo fà á yọ.
Asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀,
iyẹ̀pẹ̀ pupa kànga wa ti dí i pa
bí ìgbà tí ènìyàn rẹ́ ògiri.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ họ ọ́, mo dá a padà.
Hùn-ùn. Díẹ̀. Ó dákẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú.
Èèpo ẹ̀gúsí, ẹyọ kan péré,
ló há sábẹ́ ike tó máa ń léfòó,
tó ń purọ́ fún ẹ̀rọ pé, "O ti yó."

"Ọ̀kun o," Màmá wí lẹ́yìn mi.
Èmi ló ń kí ni, àbí ẹ̀rọ?
Ó ti fọ gbogbo abọ́ ìyán tán nínú bàsíà,
ó ń fi ìró nu ọwọ́.

Mo yọ èèpo. Omi ya wọlé, ó ń ga, ó ń ga,
kò sì sí abọ́ ìdọ̀tí kan mọ́ nínú ilé.

Màmá mú ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn,
ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ó pa ilẹ̀kùn dé.
"Jẹ́ kó rí nǹkan ṣe."