Fóònù Tó Ń Wá Ojú Ẹni Tó Ni Ín

Òpópó Ọ̀tígbà, Ìkẹjà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn òjò.
Agboòrùn kan ló bo èmi àti ọ̀gá mi.
Síkúrù wà nínú ìdérí ìgò,
irin tí a fi ń jó òjé, òwú, sípíríìtì,
àti òkú fóònù mọ́kànlélógún nínú ọ̀rá búrẹ́dì,
tí a ń yọ ẹ̀yà ara wọn fún àwọn alààyè.

Ọ̀gá Jínádù a máa sọ fún oníbàárà pé
irú ilé méjì ló wà.
Ọ̀kan, odi yí i ká, ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu géètì;
bí o bá fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri tí o fowó rà,
wàá kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ.
Èkejì dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ ní Mushin:
ẹni tó wù ú á wọlé, á kan pákó, á kun ọ̀dà;
olè náà á wọlé, á bá ọ jókòó jẹun.
"Èwo lẹ fẹ́?"
Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á béèrè iye owó.

Lókèèrè, àwọn tó kọ́lé ń figagbága:
tèmi lójú mẹ́ta lẹ́yìn, tèmi ní mẹ́rin,
tèmi tinrin ju ti èṣí lọ.
Ibi tí wọ́n bá ti forí gbárí,
gíláàsì tó fọ́ níbẹ̀ la fi ń jẹun.

Bàbá kan dé láti Ṣómólú, Ọ̀gbẹ́ni Ewúmi,
ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ rẹ̀.
Ó tú áńkáṣíìfù: fóònù funfun,
èyí tó ní èso tí wọ́n bù jẹ lẹ́yìn.
Ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Ó ti kú láti oṣù Ẹ̀bìbì.
Fóònù náà kò gbọ́.
Ó ṣì ń wá ojú rẹ̀.
Ó wo ojú bàbá, ó mi orí.
Ó wo ojú Mọ́ráyọ̀, ọmọ wọn,
tí gbogbo àdúgbò ní ó jọ ìyá rẹ̀ bí ìmumu.
Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan,
ó tún mi orí.

Ọ̀gá Jínádù kò purọ́.
"Bàbá, bí mo bá fipá ṣílẹ̀kùn yìí,
eérú la ó bá nínú yàrá."

Mo béèrè, èmi ọmọ iṣẹ́ tí wọn ò bi:
"Kí ni màmá ń lò kí wọ́n tó ra èyí?"

Ó mú un wá lọ́jọ́ kejì, láti inú dúrọ́ọ̀
tí wọ́n ń kó àbẹ́là àti ìwé owó iná sí.
Bátìrì rẹ̀ ti wú bí àkàrà.
Mo wá òmíràn láàrin àwọn òkú; kò bá a mu.
Mo fi abẹ gé etí ike, mo jó wáyà mọ́ ọn.
Ta ni mo fẹ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀?
Ó tàn.
Kò béèrè ojú ẹnikẹ́ni.

Ìpolówó tẹ́tẹ́ ló kọ́kọ́ kí wa,
lẹ́yìn rẹ̀ oògùn ìdí ńlá,
lẹ́yìn rẹ̀ àjèjì kan tó ní kòkòrò ti wọlé, ká tẹ ibí.
Mo ń lé wọn jáde bí adìyẹ.
Bàbá di etí tábìlì mú.
Lábẹ́ gbogbo wọn, ohùn kan, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án:
"Bàbá Mọ́ráyọ̀, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ra iyọ̀.
Ẹ má ra irú ti àná o, òkúta ló kún inú ẹ̀."

Ó ní kí n tún un tẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ń han.
Ọ̀gá Jínádù rìn lọ síbẹ̀, ó pa á,
kò sọ fún ẹni tó ni ín.

Nígbà tí bàbá ń di áńkáṣíìfù rẹ̀,
mo bi í léèrè fóònù funfun.
"Mo ń fún un níná lálaalẹ́," ó ní,
"kó má baà kú
níbi tó ti ń wá a."