Oókan dé Ẹẹ́wàá

Ní Tromsø, lóṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ.
Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti lù,
òkùnkùn ṣì fẹ̀yìn ti fèrèsé.

"Láti oókan dé ẹẹ́wàá, bàbá,
mélòó ni ìrora yín?"
Ánte, darandaran àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín,
ní, "Eéjì."
Eéjì ni mo kọ sínú ìwé,
bẹ́ẹ̀ ó ti lọ́ aṣọ ibùsùn mọ́wọ́
bí ẹni ń fún omi lára rẹ̀.

Ragnhild, ọ̀gá wa, kò béèrè nọ́ńbà.
Ó fa àga, ó jókòó.
Àwọn ẹran yín ńkọ́? Ta ló ń ṣọ́ wọn?
Bàbá dákẹ́, ó pẹ́.
Ó ní ọmọ òun ni,
ọmọ náà kò sì mọ ibi tí yìnyín ti fẹ́lẹ́ lórí odò.
Omijé bọ́. Kì í ṣe ti ojú abẹ.
Ìgbà náà ló tó na apá fún abẹ́rẹ́.

Ní yàrá kejì, Sahra di gèlè rẹ̀ mú:
irun òun ò gbọdọ̀ hàn títí dé yàrá iṣẹ́ abẹ.
Mo wá fìlà tó bo etí fún un.
Ó rẹ́rìn-ín, ó lóun dà bí alásè.
Ẹ̀rù ṣì ń bà á o.
Òwú kan náà la ó fi rán àwọn méjèèjì.

Mo padà sídìí ìwé,
mo fa igi lé eéjì.
Mi ò mọ nọ́ńbà tí màá fi rọ́pò rẹ̀.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀:
ẹ bá wa pe ọmọ bàbá lórí fóònù.