Ẹ̀yìn Ẹfun

Iṣu ni mo wá gbà ní tésàn Òṣogbo,
iṣu mẹ́rìnlá tí ìyá mi dì sápò láti Ọ̀fà.
Ó ní aago mẹ́ta ni ọkọ̀ ojú irin yóò wọlé.
Aago mẹ́ta kọjá. Mẹ́rin yọjú.
Ẹ ṣáà mọ rélùwéè: ó ń bọ̀, ó ń bọ̀,
títí irùngbọ̀n yóò fi hù lágbọ̀n ẹni tó ń retí ẹ̀.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé
MÁ TỌ̀ SÍBÍ
(òórùn ibẹ̀ ní àwọn kan ò mọ̀wé kà).
Nígbà tí mo dìde, ẹfun ti gba gbogbo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi
bí ẹni tó bá ìyẹ̀fun jàkadì.
Mo yíjú padà kí n bú ògiri.
Ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ni mo rí,

ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, pupa bí osùn,
ó yọ lábẹ́ ẹfun
bí ẹni tó fẹ́ tẹ ilẹ̀ wò bóyá ó gbóná.
Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé ha á díẹ̀.
Ọrùn ẹsẹ̀. Etí ìró.
Mo wọ̀tún wòsì bí olè, mo sún sẹ́yìn,
oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì fẹ̀gbẹ́ kan ògiri,
ni mo bá rí i pé ẹfun ọ̀hún ò nípọn rárá:
agbaṣẹ́ṣe ti bomi là á, ó ti jẹ owó ìyókù.

Obìnrin ni. Ó ga kan àjà.
Ó pọn ọkọ̀ ojú irin sẹ́yìn bí ọmọ,
fèrèsé mẹ́sàn-án, orí kan ní fèrèsé kan,
ọ̀kan ń jẹ gúgúrú, ọ̀kan ń sunkún,
ọ̀kan gbá àkùkọ mọ́ra,
àkùkọ yẹn nìkan ló ń wo ọ̀nà.

Ogún ọdún ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ agbọ̀n rẹ̀.
Mo mọ ajá tó ń sùn lábẹ́ bẹ́ǹṣì,
mo mọ ìyá ajá náà,
n ò mọ̀ pé ẹnìkan ti pọ̀n wá látọjọ́ yìí.

Bàbá Ṣítù alásìíá fi àsíá ewé nu imú.
“O ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i? Ọkùnrin kan ló yà á.
Ó ń dúró de ọkọ̀ Jẹ́bà, ọkọ̀ ò wá,
òjò kan, ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ó ní ọwọ́ ń yún òun.
Ó po aró, ó po osùn, ó gún èédú mọ́ ọn.
Ọkọ̀ dé tán, kò wọ̀ ọ́ mọ́:
ó ní ojú ọ̀tún obìnrin náà ló kù.”
“Ṣé ó wá parí ẹ̀?”
“Lọ wò ó.”

Mo lọ wò ó. Ìṣó pátákó owó tíkẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹni à ń wò kì í wòran.
Eléyìí ò rí ẹni wò ó,
ó fi ojú kan wòran wa títí.

“Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá kun ún lọ́tun,”
Bàbá Ṣítù ló sọ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ò yí padà.
“Má bú ẹfun. Oòrùn ì bá ti jẹ ẹ́ tán.”

Ọkọ̀ fọn fèrè níwájú Ìkìrun. Ó dé.
Iṣu mẹ́tàlá ni mo bá nínú àpò, n ò jà.
Mo yọ méjì fún Bàbá Ṣítù,
pé kó bá mi bẹ àwọn tó ń kun ògiri:
kí wọ́n bomi là á, àní kí wọ́n bomi là á dáadáa,
kí wọ́n sì jẹ owó ìyókù.