Bàlúù Tó Wọ Bàtà

Oòrùn ti rìnrìn àjò kúrò ní Tromsø,
ó di àárín oṣù Kìn-ín-ní kó tó tún yọjú.
Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìta ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò.
Oddvar fa ìbọ̀sẹ̀ onírun dé orúnkún,
ó bu kọfí, ó tan kọ̀ǹpútà ní yàrá ìsàlẹ̀,
ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."
Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá.

Bàlúù ló ń kàn.
Kì í ṣe èyí tí a ń fọwọ́ bà o,
bàlúù inú kọ̀ǹpútà ni, tí ojú ń fò tí ìdí ń jókòó.
Ara rẹ̀ kún fún ìlà bíi páànù òrùlé,
ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, ọ̀kan nímú, méjì lápá,
bàtà gbọọrọ méjì tó fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀.
Láyé ọjọ́sí ó ń kó lẹ́tà, ó ń kó aláìsàn,
ó gbé àgùntàn kan nígbà kan tí kò sanwó ọkọ̀.

Fọ́tò mẹ́rin péré ló kù nílé ayé.
Nínú ọ̀kan, ẹnì kan ti fi sísọ́ọ̀sì gé apá òsì dànù
nítorí ọkùnrin tó dúró sábẹ́ rẹ̀.
Kí ni ọkùnrin náà ṣe? A ò mọ̀.
Oddvar mú apá ọ̀tún, ó dojú rẹ̀ kọ òdìkejì, ó sọ ọ́ di òsì.
Ó ka ìṣó ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó ń ka eyín ọmọ tuntun.

Ohùn ẹ́ńjìnnì ló gba ọdún kan gbáko.
Ó gba ohùn ọkọ̀ apẹja àtijọ́ kan sílẹ̀,
ó fi ti máṣíìnì ìránṣọ arábìnrin rẹ̀ kún un,
ó tẹ́tí, ó mi orí, ó tún un ṣe.

Borghild wá wò ó, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.
Ó ti wọ̀ ọ́ rí, lọ́mọ ọdún mẹ́fà,
lọ́jọ́ tí inú rírun fẹ́ pa á, tí wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.
Ó súnmọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fi kàn án.
"Irọ́ nìyí. Kọ́tìnì náà kì í ṣe búráùn,
àwọ̀ ewé ni. Mo fi nu imú mi."
Lálẹ́ ọjọ́ náà, kọ́tìnì di àwọ̀ ewé.

Sigvald, bàbá Oddvar, ni ẹnjiníà inú rẹ̀.
Oṣù Kẹwàá ni, kùrukùru bo òkun,
awakọ̀ ní àwọn ó là á já.
Bàtà kan ṣoṣo ni òkun dá padà.
Ọmọ oṣù mẹ́ta ni Oddvar nígbà náà.

Alaalẹ́ ló ń fò ọ̀nà yẹn lọ sí erékùṣù Hestvær,
ojú ọ̀run mọ́ roro, òkè dúró gbagidi lọ́tùn-ún.
Bọ́tìnì kùrukùru wà níbẹ̀, ní igun ìsàlẹ̀.
Kò fọwọ́ kàn án rí.

Solrun, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló kàn án, lọ́jọ́ Sátidé.
"Bàbá àgbà, kí ni èyí ń ṣe?"
Òkè kan pòórá. Òmíràn pòórá.
Ṣóńṣó apá bàlúù wọ inú funfun.
Ọwọ́ baba ń gbọ̀n lórí ọ̀pá ìdarí,
kò bá ọmọ wí.
Ó dín agbára ẹ́ńjìnnì kù díẹ̀, díẹ̀,
ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn sórí ẹní,
bàtà méjèèjì kan omi, wọ́n fa ìlà funfun méjì.
Ó pa ẹ́ńjìnnì.
Gbogbo ilé dákẹ́.

"Ṣé a ti dé ni?"
"Rárá. A ó dúró kó ká."
"Yóò ti pẹ́ tó?"
"Bó bá ṣe wù ú."

Kọfí ti tutù.
Solrun wọ́ àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún rẹ̀,
níbi tí ẹnjiníà máa ń jókòó,
ó béèrè bóyá bísíkíìtì wà.