Owó Iṣẹ́ Ọwọ́

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ìwé owó fún ọ̀gá mi,
ìlà kan péré ni mo kọ:
"Iṣẹ́ mọ́tò, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì."
Àtàǹpàkò mi fi girísì lu òǹtẹ̀ sí i.
Ṣọ́ọ̀bù wa ń bẹ ní Kábbà, lójú ọ̀nà Òkénè,
níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń bo páànù
kó tó kan ojú èèyàn.

Tíṣà Ayédọgbọ́n ló ni mọ́tò náà,
Pijó àtijọ́ tó ń mì bí arúgbó tó ń gun òkè.
Kòtò tó wà láti Ìyàrà dé ọ̀dọ̀ wa
ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán.
Wọ́n gba ìwé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà.
Wọ́n sanwó. Wọ́n lọ.
Ní ọjọ́ kẹta ìwé mi padà dé
pẹ̀lú yíǹkì pupa, bí iṣẹ́ àṣetiléwá:
"Iṣẹ́ mọ́tò wo? Kí lẹ yọ? Kí lẹ fi sí i?
Tún un ṣe."

Ọ̀gá Ìbítóyè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú.
"Tíṣà ò tíì mọ̀ pé àwọn ti fẹ̀yìn tì."
Ṣùgbọ́n èmi ti jókòó sórí táyà,
mo ti ṣí ojú ewé tuntun.

Búṣì mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.
Owó ọkọ̀ ẹni tó lọ rajà ní Lọ́kọ́ja,
àlọ àtàbọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.
Ṣọ́ọ̀kì iwájú, méjì.
"Ọ̀gá, èló la ra ṣọ́ọ̀kì?"
Wọ́n ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kan
tí kò sí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ rẹ̀.
"Kọ mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá."
"Èló la rà á?"
Sípánà já bọ́ lọ́wọ́ wọn.
"Mọ́kànlá-mọ́kànlá."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi.
Ọ̀gá mi tó ń ti òdìkejì títì gbọ́ àìsàn mọ́tò,
tó sùn sórí símẹ́ńtì lábẹ́ Pijó yẹn
títí ìrì fi sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀,
ojú ń tì wọ́n láti sọ pé owó iṣẹ́ mi rèé.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kí n pe òógùn wọn,
kí n bo ìyókù mọ́ inú ṣọ́ọ̀kì
bí ẹni bo ẹran mọ́ abẹ́ ìrẹsì.

Mo kọ ọ́ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀, mo fàlà sí i nídìí:
Owó iṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.
Àròpọ̀ rẹ̀ ò yí padà, mọ́kànlélógójì náà ni.
Mo fi kún un pé bírékì ẹ̀yìn ti ń tán lọ,
a ò tíì fọwọ́ kàn án, ẹ má sáré.
Mo kó ṣọ́ọ̀kì ògbólógbòó sínú àpò símẹ́ńtì,
mo gun ọ̀kadà, ó di Ìyàrà.

"Okun o, Tíṣà."
"Okun o, ọmọ mi."
Wọ́n wo inú àpò náà. Wọ́n wọ dígí.
Wọ́n ka ìwé bí ẹni ń ka lẹ́tà ọmọ tó wà lókèèrè.
Ìka wọn dúró lórí mẹ́wàá,
ó pẹ́ níbẹ̀.
Ewé káṣú kan já bọ́ sáàárín wa.
Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ pọ̀ lẹ́nu.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá," wọ́n ní, "fún òru méjì lórí símẹ́ńtì?
Èmi ì bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n fa báírò pupa yọ.
Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.
Mo bi wọ́n níbi tí máàkì kan wọlẹ̀ sí.
Wọ́n fi ìka kan ìsàlẹ̀ ìwé, ibi tó ṣófo:
"Ta ló ṣe é? Ta ló kọ ọ́?"

Nígbà tí mo délé, ọ̀gá mi ò bi mí ní nǹkan kan.
Wọ́n ka iye tí mo gbà wá, wọ́n tún un kà.
Wọ́n gba báírò lọ́wọ́ mi,
wọ́n kọ orúkọ wọn díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń de nọ́ọ̀tì tí òjé rẹ̀ ti jẹ,
wọ́n wá sún ìwé náà sí mi.
Mo kọ Bọ́dúnrìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Girísì kún orí gbogbo rẹ̀,
ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.