Ìyá Rẹ Ńkọ́?

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Ẹ̀fọ̀n, àpáta kan wà
tó tutù bí imú ajá ní ìdájí.
Ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń rántí wa.
Ibẹ̀ ni mo jókòó sí fún oṣù mẹ́rin,
mo fi kúbùsù borí, mo ń kọ́ ìlú tí kò sí.

Ìlú orí fóònù: odi, àká ọkà, ilé ìṣọ́ mẹ́ta,
ọmọ ogun tí kì í jẹun, tí kì í sunkún.
Ẹkùn Òkè lorúkọ mi níbẹ̀.
Nílé, Fọlárànmí ni wọ́n ń pè mí,
ẹni tí kò lè dú adìyẹ.

Obìnrin kan ló ni ìlú tó wà lódìkejì odò.
Ẹyẹlé Funfun ló pe ara rẹ̀.
N kò mọ ojú rẹ̀, n kò mọ ibi tó ti ń tẹ fóònù.
Mo kí i láàárọ̀, mo kí i lálẹ́,
mo gbé igi ìkọ́lé fún un nígbà tí tirẹ̀ jóná.
Ìyẹn ò burú. Ẹni tó fẹ́ mú ẹja
kì í dárúkọ ìwọ̀ létí odò.

Síbẹ̀, kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ odi.
Ló bá di alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀,
mo kọ̀wé sí i pé ìyá mi wà lórí ibùsùn ní ọsibítù Adó,
pé dókítà ní ká lọ wá ẹ̀jẹ̀,
pé n kò ní lè ṣọ́ ìlú mi mọ́,
kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun mi sùn sínú odi rẹ̀.
Ìyá mi wà ní yàrá kejì nígbà náà,
ó ń hanrun.

Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.
Ó tún fi wúrà lé e, wúrà tó fi owó gidi rà.
Ó ní, "Tà á, fi ra oògùn."

Ní aago mẹ́ta òru, mo ṣílẹ̀kùn láti inú.
Kí àkùkọ tó kọ, àká ọkà ti di eérú.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pariwo: "Ẹkùn! Ẹkùn!"
Ọ̀kan ní òfin eré náà kò ní kí èèyàn má purọ́.
Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Òótọ́ ló sọ.

Bàbá mi àgbà a máa ta ayò lábẹ́ páànù mẹkáníìkì.
Á di ọmọ ayò pọ̀ sí ulé kan, bó ti ń pè é,
á tẹjú mọ́ òmíràn, á máa súfèé bí òpè,
títí ọ̀tá á fi kó sí pàkúté.
Mo bi í nígbà kan pé, "Ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn?"
Ó ní, "Ẹ̀tàn ni. Òun náà mọ̀ pé mo ń tan òun,
ìdí nìyẹn tó fi jókòó.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ulé rẹ̀ ń jóná,
kó lè dìde, kí n lè jí ọmọ ayò kó,
ayò kọ́ ni mo ta mọ́."

Ọjọ́ kejì, mo retí èébú. Mo ti múra èsì sílẹ̀:
eré lásán ni, má bínú, gbogbo wa la ń ṣe é.
Ìlà kan péré ló wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé:
"Ìyá rẹ ńkọ́?"

N kò lè sọ bóyá ó mọ̀, tó ń fi abẹ́rẹ́ gún mi,
tàbí kò mọ̀, tó ń bèèrè tọkàntọkàn.
Ilé ìṣọ́ mẹ́ta ni mo ní.
Kò sí èyí tó ga tó láti sá sí.

Nísàlẹ̀ àpáta, ìyá mi ń pè mí pé kí n wá gbé omi.
Ohùn rẹ̀ le koko.
Mo tẹ̀ ẹ́: "Ara wọ́n ti yá."
Òótọ́ ni. Mo tún un kà. Irọ́ ni.
Mo ń pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn,
mo sì ń gbọ́ tí ìyá mi ń pe orúkọ mi,
èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ mí.